Orúkọ kan nínú ìwé ìbí bàbá bàbá mi

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ, tí èmi fúnra mi kò kọ nǹkan kan. Ìtìjú ló fà á. Olùkọ́ ni mí ní Sokodé, ìtàn àti jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi kọ́ èmi náà, láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí mo fi gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ tán ní Atakpamé. Mo ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí n tó kọ èdè ìyá mi sílẹ̀ lórí ìwé. Àwọn ìwé tí ẹ̀yin ará Nàìjíríà tẹ̀, tí mo ń rà ní Cotonou, ni mo fi kọ́ ọ. Bí àmì ohùn bá ṣì mí níbì kan, ẹ bá mi tún un ṣe, ẹ má bú mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ilé ni. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀. Àkọ́bí mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdánwò kan, wọ́n sì ní kó mú ìwé wá tó fi hàn pé ọmọ Tógò ni, èyí tí wọ́n ń pè ní «certificat de nationalité». Mo bá a dé ọ́fíìsì kan. Òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ wo orúkọ wa, ó wo Kambolé tí a kọ sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi Faransé sọ fún mi pé, «Ẹ̀yin Nago yìí, òdìkejì lẹ ti wá. Ẹ lọ mú ìwé bàbá bàbá yín wá.» Ọmọ mi dúró tì mí, ó ń wo ojú mi. Èmi tí mo máa ń kọ́ ọgọ́ta ọmọ ní kíláàsì kan nípa bí Tógò ṣe di orílẹ̀-èdè, n kò mọ ohun tí mo lè fèsì.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Kambolé, abẹ́ Tchamba ló wà, ní àárín gbùngbùn Tógò, nítòsí ẹnu ibodè Benin. Èdè tiwa àti ti Manigri, ọ̀kan náà ni. Àwọn onímọ̀ èdè pàápàá, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi so àwa méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1897, Faransé àti Jámánì jókòó ní Paris, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ààlà. Manigri bọ́ sọ́dọ̀ Faransé ní Dàhòmì, Kambolé bọ́ sọ́dọ̀ Jámánì ní Tógò. Wọn kò pe ará Manigri, wọn kò pe ará Kambolé. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ìyá kan wá ń san owó-orí ní fránkì, tí èkejì ń san tirẹ̀ ní mákì. Òun ni wọ́n fi ń sọ fún wa lónìí pé òdìkejì la ti wá.

Mo lọ sí Kambolé. Àpótí páànù bàbá mi ṣì wà lábẹ́ ibùsùn nínú yàrá tó kú sí. Mo rí ìwé mẹ́ta tí orúkọ bàbá bàbá mi wà nínú wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbà kọ orúkọ kan náà, torí akọ̀wé mẹ́ta ló fi etí Faransé gbọ́ ọ. Èyí tó níye lórí jù ni «jugement supplétif», ìwé tí adájọ́ ń fún ẹni tí wọn kò kọ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ẹni náà á mú ẹlẹ́rìí lọ, adájọ́ á bi wọ́n léèrè, wọ́n á fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni «né vers 1915 à Kambolé». «Vers» yẹn, ẹ̀yin ará Nàìjíríà, «ní nǹkan bí» ló túmọ̀ sí. Ìdajì àwọn bàbá wa ní Tógò, «vers» ni wọ́n bí wọn.

Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ «fils de», orúkọ bàbá rẹ̀, «et de», orúkọ ìyá rẹ̀. Orúkọ ìyá yìí ló dá mi dúró. Kì í ṣe orúkọ tí à ń sọ ọmọ ní Kambolé. Kì í ṣe ti mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn baba wa àtijọ́. Mo rántí pé mo bi bàbá mi nípa rẹ̀ nígbà kan tí mo wà ní ilé-ìwé. Ó ní àṣìṣe akọ̀wé ni. Mo gbà á gbọ́, torí ẹni tó bá lè kọ orúkọ wa ní ọ̀nà mẹ́ta, kí ni kò lè kọ?

Ìwé yẹn tó fún ọ́fíìsì náà. Ọmọ mi rí ìwé rẹ̀ gbà, ó ṣe ìdánwò rẹ̀. Ǹ bá ti dákẹ́ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo lè ka àwọn ọba Faransé tẹ̀lé ara wọn láì wo ìwé. Ìyá tó bí bàbá bàbá mi, n kò mọ ilé tó ti wá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin kan ṣì wà láyé, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun nìkan ló kù tó fojú rí ìyá náà, torí ìyá yẹn ló tọ́ ọ dàgbà. Mo gbé alùpùpù mi láti Sokodé, mo gba Tchamba kọjá, mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo ṣe é bí olùkọ́: mo mú ìwé àti kálámù jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ọdún wo ni wọ́n bí i? Ibo ni wọ́n ti bí i? Ta ni bàbá rẹ̀? Ìyá wò mí títí. Wọ́n ní, «Ṣé ìdánwò lo wá fún mi ṣe ni?» Wọ́n dìde, wọ́n lọ ṣe àlùwàlá. Ó parí síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà kejì, n kò mú ìwé lọ́wọ́. Mo jókòó tì wọ́n, à ń pa ẹ̀pà. Ọmọ ọmọ wọn kan gbé ọmọ tuntun wá fún wọn. Ọmọ náà ń ké, wọ́n gbé e sí itan, wọ́n ń kọrin fún un. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà. Mo ní, «Ìyá, èdè wo lẹ fi ń kọrin yìí?»

Wọ́n ní, «Orin ìyá bàbá mi ni. Èmi gan-an kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń kọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń kọ ọ́.»

Mo tọrọ àyè, mo gbà á sílẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tí mo padà sí Sokodé, mo gbé e fún olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó jẹ́ ọmọ Tchamba. Kò tíì gbọ́ ọ dé ìdajì tó fi bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, «Èdè wa nìyí, Akaselem ni. Ìyá mi náà máa ń kọ orin yìí. Ibo lo ti rí i?» Mo kọ orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí fún un. Ó pè é bó ṣe yẹ kí a pè é. Orúkọ tí mo rò pé akọ̀wé bàjẹ́, akọ̀wé yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ọ́ dáadáa.

Mo tún padà sí Kambolé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo sọ fún ìyá ohun tí mo ti mọ̀. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní, «A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.» Mo ní kì í ṣe ọwọ́ òsì, mo fẹ́ mọ ilé ìyá bàbá wọn ni. Wọ́n dákẹ́ títí ìrun alẹ́ fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n rọra ń sọ ọ́ bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ògiri.

Wọ́n ní ilà ojú ìyá náà kò jọ tiwa. Ọmọbìnrin kékeré tí ọmú rẹ̀ kò tíì yọ ni wọ́n mú un wá. Bàbá àgbà tó ni ilé wa nígbà náà ń ta obì, ó sì máa ń yáni lówó. Àwọn ará ilé ọmọ náà jẹ ẹ́ lówó, wọ́n fi ọmọ dúró. Ìwọ̀fà ni.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà mọ ọ̀rọ̀ yìí jù mí lọ. Samuel Johnson kọ nípa ìwọ̀fà nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1921, ó sì fi yé wa pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ẹrú, wọ́n rà á ni tàbí wọ́n mú un lógun. Ìwọ̀fà, ọmọ onílé ni, tó ń ṣiṣẹ́ fún olówó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé. Owó gan-an kì í dín, bó ti wù kó ṣiṣẹ́ tó. Ọjọ́ tí wọ́n bá san án pé ló ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí ìwọ̀fà bá jẹ́ obìnrin, tí olówó tàbí ọmọ rẹ̀ fi ṣe aya, gbèsè náà parí, ó ti di owó orí ìyàwó. Ọmọ bàbá olóbì ló fẹ́ ẹ. Òun ni bàbá tó bí bàbá bàbá mi.

Mo béèrè ìgbà tó dé Kambolé. Mo ti kọ́gbọ́n, n kò béèrè ọdún mọ́. Mo ní, «Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tó dé?» Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìgbà tí àwọn ọkùnrin ń sá fún iṣẹ́ ọ̀nà ni. Èyí mo mọ̀ nínú ìwé. Láti ọdún 1907, òfin Jámánì ní Tógò ni pé kí ọkùnrin tó ti dàgbà fi ọjọ́ 12 ṣiṣẹ́ fún ìjọba lọ́dọọdún, tàbí kó san mákì mẹ́fà. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi la ọ̀pọ̀ ọ̀nà ilẹ̀ wa. Mo tún béèrè bàbá bàbá mi. Wọ́n ní wọ́n bí i kété tí Jámánì sá lọ. Jámánì juwọ́ sílẹ̀ ní Kamina, nítòsí Atakpamé, ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. Nítorí náà «vers 1915» yẹn kì í ṣe irọ́. Àwọn ẹlẹ́rìí tó tẹ̀ lé bàbá bàbá mi lọ sí kóòtù ka ọdún dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀wé.

Ohun tó wá dùn mí ni pé mo ti gbọ́ oríkì ilé wa láìmọye ìgbà níbi ìgbéyàwó. Àwọn obìnrin ilé á ki bàbá, wọ́n á ki ìyá, wọ́n á sọ ìyá tó wá láti Manigri, wọ́n á sọ èyí tó wá láti Ṣábẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó bí bàbá bàbá mi, wọ́n á fò ó. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, n kò mọ̀ pé àlàfo wà níbẹ̀. Ẹni tí a kò mọ oríkì ilé rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ kì í?

Ẹlẹgbẹ́ mi bá mi béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ní Tchamba. Ó tó oṣù mélòó kan. Wọ́n júwe ilé méjì. Ilé àkọ́kọ́ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nínú ilé kejì, wọ́n mú wa lọ bá bàbá arúgbó kan tó jókòó lórí ẹní lábẹ́ igi máńgòrò. Ẹlẹgbẹ́ mi ń túmọ̀. Mo kí wọn, mo ní láti Kambolé ni mo ti wá, mo sọ orúkọ ìyá náà. Bàbá náà kò wo ojú mi. Wọ́n sọ̀rọ̀ kúkúrú kan. Ẹlẹgbẹ́ mi kò túmọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó kọ́kọ́ wo ilẹ̀. Ó wá ní, «Wọ́n ń béèrè bóyá owó náà lẹ wá gbà.»

Ẹ̀yin ará mi, n kò lè sọ bó ṣe rí lára mi. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bàbá náà sọ ìtàn tiwọn. Ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin náà sá fún iṣẹ́ ọ̀nà, ó gba ibodè kọjá sí Dàhòmì, wọ́n bu owó lé ilé wọn. Wọ́n yáwó lọ́wọ́ bàbá olóbì ní Kambolé. Ìyá ọmọ náà máa ń ya iṣu sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, yóò tà á, yóò kó owó rẹ̀ pamọ́ fún gbèsè yẹn. Kò tíì pé tí ogun fi dé. Jámánì lọ, Faransé gba ilẹ̀, mákì di ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ iye rẹ̀ mọ́. Wọn kò mọ owó tí wọn yóò fi san án, wọn kò mọ iye tó kù. Ojú ń tì wọ́n. Ajigbèsè kì í sún mọ́ àgbàlá olówó. Bí wọ́n ṣe dúró sí Tchamba nìyẹn, tí ọmọ wọn wà ní Kambolé, níbi tí ẹlẹ́sẹ̀ lè rìn dé láàárín ọjọ́ méjì.

Mo ní kí ẹlẹgbẹ́ mi sọ fún wọn pé gbèsè náà ti parí láti ọjọ́ tí ọmọ wọn ti di ìyàwó ilé wa, kí ogun tó dé pàápàá. Bàbá náà gbọ́ ọ, wọ́n ní kí ó tún un sọ. Wọ́n wá béèrè pé, «Ta ló mọ̀ pé ó ti parí?» Mo ní àwọn ará ilé wa mọ̀. Wọ́n ní, «Kí ló dé tí wọn kò wá sọ fún wa?»

N kò rí èsì fọ̀. Títí di òní, èsì tí mo mọ̀ kò dùn ún sọ. Bí ilé wa bá ti lọ sọ ọ́, àwọn ará Tchamba ti di àna nìyẹn. Wọn ì bá máa wá níbi ìkómọ, wọn ì bá máa béèrè ọmọ wọn nígbà ọdún, òun náà ì bá máa lọ sílé. Ó rọrùn fún wa kí wọ́n máa rò pé wọ́n jẹ wá lówó.

Mo padà lọ sọ ohun gbogbo fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè: «Ṣé wọ́n mọ orúkọ ìyá rẹ̀?» Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n, mo pè é. Wọ́n ní kí n tún un pè. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, «Nígbà tó ń kú lọ, orúkọ yẹn ló ń pè. Àwa rò pé ó ń ṣèrànrán ni.»

Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, nítorí àwọn ará ilé wọn bẹ̀ mí pé kí n má gbé e síta.

Kì í ṣe gbogbo ará ilé wa ni inú wọn dùn. Àbúrò bàbá mi kan kò gbé fóònù mi mọ́. Ó ní mo ti sọ gbogbo wa di ọmọ ìwọ̀fà lójú ayé, pé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko bá délẹ̀, àwọn ẹ̀ka ilé yòókù yóò fi bú wa. Ẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Mo ti gbọ́ irú èébú bẹ́ẹ̀ nínú ìjà ilẹ̀ rí. Mo sọ fún un pé bàbá kan náà ló bí gbogbo ẹ̀ka, pé ìyàwó ilé ni ìyá wa kó tó bímọ. Kò tíì dá mi lóhùn. Mo ń dúró dè é.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbà mẹ́rin nínú ilé gbà láti bá mi lọ. A gbé obì, a wọ aṣọ tó dára, a lọ kí wọn ní Tchamba gẹ́gẹ́ bí àna ṣe ń kí àna. Èyí tó dàgbà jù nínú wa ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé gbèsè ti parí, pé ẹ̀bi tiwa ni pé a kò sọ ọ́ lákòókò. Wọ́n gba obì wa. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n di iṣu fún wa. Bàbá arúgbó náà ní, «Ẹ máa mú un lọ, kì í ṣe fún gbèsè.»

Ní ọdún tó kọjá, a ṣe ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Kambolé. Àwọn obìnrin ń ki ilé. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n máa ń fò, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dá wọn dúró. Wọ́n pe orúkọ ìyá náà, wọ́n pe orúkọ ìyá rẹ̀, wọ́n ní ọmọ Tchamba ni. Wọ́n kọ orin ọmọ yẹn díẹ̀. Àwọn àlejò láti Tchamba tó jókòó lábẹ́ àgọ́ gbè é.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ wá àwọn ìran yín, ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé, ẹ jókòó tì í, ẹ bá a ṣiṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ má béèrè ọdún, ẹ béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé ìbí, ẹ ka ibi orúkọ ìyá dáadáa, ẹ má yára pè é ní àṣìṣe akọ̀wé. Ẹ gba orin sílẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ẹ kò gbọ́. Àwọn ìwé Jámánì ṣì wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Lomé, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọba tàbí baálẹ̀, iye ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí níbẹ̀: ọkùnrin báyìí báyìí ló wá síṣẹ́ ọ̀nà. Orúkọ rẹ̀, ẹnu àwọn ìyá ló kù sí.

Mo sì máa ń rántí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn tó ní òdìkejì la ti wá. Mo bá a wá ẹ̀rí pé ọmọ ilẹ̀ yìí ni wá, mo mú ìwé bàbá wá. Ẹ̀rí tó lágbára jù wà lórí ìlà kejì ìwé náà, orúkọ obìnrin kan tí wọ́n bí ní Tchamba, tí àwa fúnra wa fi pamọ́.

Bí ẹnì kan nínú yín bá ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀ nínú oríkì ilé rẹ̀, kí ó kọ ọ́ síbí, kí a jọ gbọ́. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilé wa gbogbo tòrò.